Ẹ Wọ̀n Ọ́n Lọ, Ẹ Wọ̀n Ọ́n Bọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ooru yẹ àwọn èròjà onírin wò, ẹ má ṣe kéde pé òòfà èròjà kan ti yí padà títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n nígbà tó ń gbóná, tí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó ń tutù, tí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ wo magnetite, òkúta dúdú tí òòfà ń fà. Bó bá gbóná dé nǹkan bí 580°C, agbára òòfà rẹ̀ á já wálẹ̀. Bó bá tutù, agbára ọ̀hún á padà. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ráyè wọ inú ìléru, ọ́síjìn lè sọ ọ́ di hematite, tí òòfà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìlà òòfà tó wálẹ̀ nínú àwòrán ìwọ̀n yín kò ní gòkè mọ́. Ẹni tí kò dúró wo ìtutù rẹ̀ á máa ròyìn magnetite, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló kù nínú àwo.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn èròjà kan wà tí kì í gba ọ̀nà tí wọ́n bá lọ padà, tí kò sì sí ohun tó bà wọ́n jẹ́. Òótọ́ ni. Nínú èròjà onírin kan tí à ń kọ ní [Fe(Htrz)₂(trz)]BF₄, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 6 ìta irin máa ń so ní méjì-méjì nínú òtútù, òòfà kò sì ní sí. Bí ooru bá kọjá 100°C, 4 nínú wọn á dá dúró, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ á di funfun. Bó bá ń tutù, ó di nǹkan bí 70°C kó tó yí padà. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ní kí ẹ tún un ṣe: ohun tó jẹ́ ìwà èròjà á tún ara rẹ̀ fihàn bákan náà, ìbàjẹ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ nìkan lè mú kí ìgbà àkọ́kọ́ yàtọ̀.

Ẹ lè ní àsìkò kò sí. Ìkánjú ló sì ń dá irọ́ sílẹ̀ níbí: tẹmómítà á ti gbóná ṣáájú èròjà, àlàfo á sì yọ láàárín àlọ àti àbọ̀. Ẹ dín eré ooru kù sí ìdajì. Bí àlàfo náà bá fún pọ̀ sí i, apá kan rẹ̀ kì í ṣe ti èròjà. Nínú ìròyìn yín, ẹ kọ bí ooru ṣe ń yára sí, gáàsì tó yí èròjà ká, àti ìgbà kelòó tí ẹ wọ̀n ọ́n ni ẹ ti mú iye tí ẹ kọ sílẹ̀. Láìsí mẹ́ta yìí, ẹlòmíràn kò lè yẹ iṣẹ́ yín wò.