Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ìwé Iṣẹ́ Tí Kò Bèèrè Onídùúró ní Ìlú Ọba

Ìwé ẹ̀yáwó tí àwọn òbí ń kọ nítorí ọmọ tó ń kàwé ní Ìlú Ọba ti wá ń pọ̀ lórí tábìlì wa. Owó ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá. Nígbà tó bá yá, ọmọ á tún pè láti òkè òkun pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi wá owó físà iṣẹ́." Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà rà.

Graduate visa ni wọ́n ń pe ìwé náà. July 1, 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ṣí i sílẹ̀. Irú rẹ̀ kan ti wà tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa ní 2012.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni físà Skilled Worker rí. Ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ dúró fún ọmọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré. Láti July 22, 2025, £41,700 lọ́dún ni wọ́n ń bèèrè, àfi pé wọ́n ń dín in kù fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé. Graduate visa ní tirẹ̀ kò bèèrè onídùúró rárá. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó lè dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ó lè pààrọ̀ ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kò sí ẹni tí yóò bi í. Kìkì pé kó má fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́ jẹun.

Àsìkò ni ìṣòro rẹ̀. Ọdún 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó gba oyè B.Sc. tàbí Master's, ọdún 3 fún ẹni tó gba Ph.D. Ṣùgbọ́n ní October 2025 wọ́n yí òfin padà: ẹni tó bá kọ̀wé béèrè láti January 1, 2027 lọ, oṣù 18 ni yóò gbà, àyàfi onípíẹ́shídì tí ọdún 3 tirẹ̀ ṣì dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ènìyàn, wọn kì í fi kún un, kì í sì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ó dà bí ẹ̀yáwó kékeré tí kò ṣeé sọ dọ̀tun. Ọjọ́ tó bá pé, kí ọmọ ti rí onídùúró, tàbí kó ní ọ̀nà mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa bọ̀ nílé.

Níbí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀. Ọmọ tó jẹ gbèsè kì í yan iṣẹ́. Èyíkéyìí tó bá rí ni yóò ṣe kó lè fi owó ránṣẹ́ wá san ẹ̀yáwó. Kò burú. Àmọ́ bó bá fi ọdún àkọ́kọ́ gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, tí kò wá ilé-iṣẹ́ tó lè dúró fún un, àkókò ti lọ nìyẹn. Ìjọba ibẹ̀ tẹ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Ẹni tó bá ní òun yóò ta ìwé onídùúró fún un, ẹ sá fún onítọ̀hún. Kò bófin mu.

Ó kan owó. Ní April 2025 wọ́n gbé owó ìwé náà sí £880, owó yìí a sì máa gbéra, nítorí náà kí ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sọ iye fún yín. Láti February 2024, owó ìlera jẹ́ £1,035 lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gba gbogbo rẹ̀. Fún ọdún 2, £2,070 ni, tí a bá ro ó pọ̀ mọ́ £880, ó di £2,950. Fún oṣù 18, owó ìlera yóò jẹ́ £1,552.50. Wọn kò ní kó fi owó báńkì hàn bíi ti físà akẹ́kọ̀ọ́.

Inú Ìlú Ọba ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà nígbà tó ń kọ̀wé. Kí físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ má tíì parí, kí yunifásítì sì ti fi tó ìjọba létí pé ó ṣe àṣeyọrí. Kò dìgbà tí sátífíkéètì bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fún ẹni tó jẹ owó ilé-ìwé ní oyè, nítorí náà gbèsè yẹn ni ká kọ́kọ́ san. Bó bá ti kọ̀wé tán, kó má wá sílé ṣọdún o, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bó bá jáde kí èsì tó dé, wọ́n á kà á sí pé ó ti fà á sẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún ìwé yìí, kó mú ẹ̀dà físà akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ náà wá fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, kí a lè rí ọjọ́ tó máa parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kù kó pé.