Títún Ìtìpa Ilẹ̀kùn Land Rover Àtijọ́ Ṣe, àti Dídáàbò Bò Ó Lọ́wọ́ Olè

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Land Rover àtijọ́ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì lágbára láti gun òkè, láti la ẹrẹ̀ kọjá, àti láti ru ẹrù oko dé ojú títì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn ti dàbí ògiri tí ó lanu sílẹ̀. Ní abúlé tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń gbé kòkó lọ sí ọjà, tí òun kan náà sì ń gbé aboyún tí ó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn lóru, bí olè bá jí i, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni olè jà.

Ilé iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ fi Land Rover han gbogbo ènìyàn, ní ìlú Amsterdam, ní 1948. Ogun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1945, irin sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ́mù, tí ó fúyẹ́ tí kì í sì dógùn-ún bí irin, bo ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fi irin gidi ṣe egungun rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tí a ń pè ní Series I, Series II àti Series III ni wọ́n ń ṣe títí di 1985, àwọn sì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. Iṣẹ́ oko ni àwọn tí ó ṣe wọ́n ní lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ olè lọ.

Ohun tí ó ń ba ìtìpa ilẹ̀kùn jẹ́

Ohun mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni pé àgbékọ́, èyíinì ni irin tí ilẹ̀kùn ń yí lé, a máa jẹ; ilẹ̀kùn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò sì ní bá ibi tí ó yẹ kí ó kọ́ mọ́. Èkejì ni pé eruku àti gírísì tí ó ti gbẹ a máa di ahọ́n náà mú. Ẹ̀kẹta ni pé níbi tí alumíníọ́mù ti fara kan irin, bí omi bá ń wọ ibẹ̀, alumíníọ́mù náà yóò máa di lẹ́búlẹ́bú funfun, bóòtì kò sì ní rí ibi dì mú mọ́.

Kí ènìyàn tó ná owó rárá, kí ó ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, kí ó di etí rẹ̀ mú, kí ó sì gbé e sókè. Bí ó bá ń mì, àgbékọ́ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ra ìtìpa tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé àgbékọ́ ni ó ń ṣàìsàn.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

1. Fi sípánà fún àwọn bóòtì àgbékọ́ le. Bí irin àárín rẹ̀ bá ti jẹ, pààrọ̀ rẹ̀.

2. Tú ìtìpa náà. Fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o sì wo sípíríǹgì rẹ̀ bóyá ó ti ṣẹ́.

3. Fi gírísì díẹ̀ pa ahọ́n àti àgbékọ́. Má ṣe fi gírísì sí ihò kọ́kọ́rọ́, nítorí pé yóò kó eruku jọ. Lẹ́búlẹ́bú dúdú inú pẹ́ńsù, tí a fi ọ̀bẹ ha, ni ó dára níbẹ̀.

4. Dá ìtìpa padà. Dẹ bóòtì irin tí ahọ́n ń kọ́ sí lára férémù, sún irin náà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi tì láìjẹ́ pé a gbá a, kí o sì fún un le.

5. Níbi tí irin bá ti kan alumíníọ́mù, fi ọ̀dà kùn ún, tàbí kí o fi rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi okùn so ilẹ̀kùn dípò títún un ṣe. Ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa lè ṣí ní kọ́nà kí ó sì sọ ọmọdé sílẹ̀; èyí tí a fi okùn so, bí ọkọ̀ bá ṣubú tàbí tí iná bá ràn, kò ní jẹ́ kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tètè jáde. Fún ìdí kan náà, a kò gbọdọ̀ fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta nígbà tí ènìyàn bá wà nínú ọkọ̀.

Bí a ṣe ń dí ọ̀nà olè

Ìta gbangba ni bóòtì àgbékọ́ wà lára ọkọ̀ wọ̀nyí, sípánà kan ṣoṣo sì lè tú wọn. Fi bóòtì tí orí rẹ̀ yọ̀, tí sípánà kò lè dì mú, rọ́pò wọn. Bákan náà, gíláàsì tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ a máa rọrùn láti ṣí láti ìta bí ohun tí ń dì í mú bá ti jẹ. Ẹ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n bí olè bá tilẹ̀ wọlé, kí ó má lè wa ọkọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti bẹntiróòlù, yọ rotor, ìka kékeré tí ń yí lábẹ́ ìdérí distributor, kí o sì mú un lọ sílé lálẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní ṣiṣẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ tì í. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀: bí a tilẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀, bí wọ́n bá tì í láti orí òkè, ó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ tí ń dí epo sí ibi ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀wọ̀n líle àti àgádágodo tí ó so sítíárìn mọ́ ìtẹ̀sẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì dára fún méjèèjì.

Ní ìparí, kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí sínú ìwé, kí o sì tọ́jú rẹ̀ sílé, kì í ṣe sínú ọkọ̀. Òun ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ béèrè. Gbé ọkọ̀ sí ibi tí ojú ènìyàn ti tó o, má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o kàn fẹ́ ra nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà ni. Kò sí ìtìpa tí olè kò lè já bí a bá fún un láyè tó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.