Òfin Kọ́ Ló Bí Ẹ̀ṣẹ̀

Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí, n kò ní í fi ìtumọ̀ rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ ojú (optometry) lókè òkun ló gbé òwe náà wá sí mi lẹ́nu.

Ọmọ ilé wa kan, ọmọ Kèrè ní Ìdáàṣà níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, ń gbé ní Houston. Ó ka ìwé iṣẹ́ ojú jáde, ó yege ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìdánwò tó kárí Amẹ́ríkà, títí kan èyí tí wọ́n ń lọ fọwọ́ ṣe ní Charlotte. Ìdánwò òfin ìpínlẹ̀ Texas ló kù kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Nígbà tó pè wá lórí fóònù, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ni wọ́n fi dí òun lọ́nà, pé kò kan ojú ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ìdánwò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Kò kan ojú kẹ̀? Ẹ bá mi ṣí òfin Texas náà sí abala 351.353. Oníṣẹ́ ojú tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé awò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, nǹkan mẹ́wàá ni òfin ní kó yẹ̀ wò, kó sì kọ sílẹ̀, bó bá ṣeé ṣe. Kó bi í nípa ìlera rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kó mọ ibi tí ìríran rẹ̀ dé. Kó yẹ ìpéǹpéjú àti iwájú ẹyinjú wò, kó tanná wo inú lọ́hùn-ún. Kó wọn agbára tí omi inú ojú fi ń ti ẹyinjú. Kó mọ̀ bóyá ẹni náà ń rí apá ọ̀tún àti apá òsì dáadáa. Àwọn yòókù jẹ mọ́ nọ́ńbà awò àti bí ojú méjèèjì ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́. Èwo nínú wọn ni ọ̀rọ̀ lọ́yà? Ìtọ́jú èèyàn ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà ní Kèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lára àpáta tó ti ń gùn láti kékeré. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sí Àrìgbò fún àdúrà, ẹnìkan tó ń kiri lúnẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awò ojú, wo ojú wọn, ó ní ọjọ́ orí ni, ó sì ta ọ̀kan fún wọn. Ìyá rí ojú abẹ́rẹ́ fi òwú sí, ọkàn wọn balẹ̀, àmọ́ ìkọsẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Lọ́dún kejì, oníawò tún ta èyí tó nípọn jù ú lọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Kútọnu, nǹkan bí 200 kìlómítà sí wa, ojú kan ti lọ, ìkejì ń lọ. Glaucoma ni. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àrùn yìí kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló ti ń jẹ wọlé, iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ á máa kú díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì kú kò ní í jí mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú tàbí iṣẹ́ abẹ lè gba èyí tó kù là, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Agbára omi inú ojú, inú ẹyinjú, ìríran ọ̀tún àti òsì: mẹ́ta nínú mẹ́wàá yẹn ni ì bá tú u fó.

Mo bínú, mo sọ ọ́ ní gbangba. Ẹnìkan fi òwe ìlú tí kò sí òfin yẹn dá mi lóhùn pé òfin wo ni oníawò rú. N kò kórìíra ẹni tó ń ta awò. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ìwé kíkà ń nira fún, awò ọjà lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí oníawò ṣe tó dùn mí ni pé ó sọ ohun tó ń ṣe ìyá, nígbà tí kò ní irinṣẹ́ tó lè fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ ka òfin fúnra rẹ̀, ẹ ka ìlànà tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yín ṣe tẹ̀ lé e, torí ìlànà a máa yí padà. Ní abala kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò jìyà bí mo bá fo eléyìí. Orí yín kò ní í gbàgbé. Ẹ má yá ìwé ọ̀rẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn kà. Oklahoma ti gba oníṣẹ́ ojú láyè láti 1998 láti fi iná laser ṣe àwọn iṣẹ́ kan; Texas kò gbà á. Ẹni tó ń ro Ìbàdàn, òfin Nàìjíríà ti 1989 ló ń dúró dè é, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì wà láti 1978 pé bí àyẹ̀wò awò bá ti parí, kí wọ́n fún aláìsàn ní ìwé awò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè.

Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe òfin iṣẹ́ ojú ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1901. Kó tó dìgbà náà, àwọn tó ń ru àpótí awò kiri láti ilé dé ilé wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ṣáájú, òfin ló wá tẹ̀ lé e. Ibi tí òwe wa ti tọ̀nà ni pé láìsí òfin, kò sí ẹni tí a lè pè wá jẹ́jọ́. Ìyẹn nìkan ni mo bá a gbà.

Bí ọmọ wa tó wà ní Houston bá tún ìdánwò náà ṣe tó sì yege, tó wálé lóṣù kẹjọ, àwọn àgbà Kèrè yóò tò sí àgbàlá wa. Òfin Texas kò dé orí òkè wọ̀nyí, ìwé àṣẹ Texas kò sì fún un láṣẹ láti tọ́jú ẹnikẹ́ni ní Bẹ̀nẹ̀. Kó má ta awò, kó má kọ oògùn. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọsẹ̀, bóyá ẹnìkan fọ́jú rí nínú ẹbí wọn, kó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà fún mi. Owó ọkọ̀ wọn dọwọ́ ilé wa.