Ẹnu Olùkọ́ Nínú Fóònù: Bí A Ṣe Lè Ṣe Áàpù Kékeré fún Kéwú



Ọmọ tí ó bá sọ pé qalb, ọkàn ni ó pè. Bí ó bá sọ pé kalb, ajá ni ó pè. Lẹ́tà kan péré ni ó yà wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ق nínú èdè Yorùbá, nítorí náà ك ni ahọ́n ọmọ wa máa ń sáré lọ bá. Ní ilé-kéwú wa ní Òkè-Fìà níbí, a ó tún un ṣe fún un. Bí ó bá délé ńkọ́? Bàbá rẹ̀ kò kọ́ kéwú, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà. Ta ni yóò sọ fún un pé ajá ni ó ń pè? Fóònù tí ó wà nílé lè ràn wá lọ́wọ́.

Kí ni fóònù ìgbàlódé? Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ó lè gba ohùn sílẹ̀, ó lè pa á mọ́, ó sì lè sọ ọ́ jáde. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a kó sínú rẹ̀ ni à ń pè ní áàpù. Áàpù kò ju àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ lọ: bí ẹnìkan bá ṣe èyí, ìwọ ṣe ìyẹn. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ kéwú. Lára orúkọ al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tí ó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ni a ti mú ọ̀rọ̀ algorithm, tí í ṣe orúkọ irú àṣẹ títò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2013, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlà jẹ́ gómìnà, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ní ilé-ìwé ìjọba. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wàláà tí ẹlòmíràn ti kọ tán ni. Olùkọ́ kéwú ń fẹ́ wàláà tí òun fúnra rẹ̀ lè kọ, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tún un kọ.

Irú wàláà bẹ́ẹ̀ ni MIT App Inventor. Google ni ó gbé e jáde ní ọdún 2010. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. A kì í kọ èdè kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ni à ń so mọ́ra. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

1. Kí olùkọ́ tí ẹnu rẹ̀ mọ́ pe qalb sínú fáìlì kan, kí ó pe kalb sínú èkejì.

2. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí appinventor.mit.edu, kí ẹ fi ímeèlì Google wọlé. Ní ojú ewé Designer, ẹ fa Button méjì àti Sound méjì wá. Ẹ kọ ق sára bọ́tìnì kìíní, ك sára èkejì. Ẹ fi fáìlì ohùn kọ̀ọ̀kan sínú Sound tirẹ̀.

3. Ní ojú ewé Blocks, ẹ mú «when Button1.Click», kí ẹ ki «call Sound1.Play» bọ inú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kìíní, sọ ohùn kìíní jáde. Ẹ ṣe bákan náà fún èkejì.

4. Láti inú Build, ẹ gba fáìlì apk. Ẹ lè fi Bluetooth fún fóònù Android ẹlòmíràn. Bí ó bá ti wọlé tán, kò nílò dáàtà mọ́.

Ìkìlọ̀ kan: fóònù yóò béèrè bóyá ẹ mọ ibi tí apk náà ti wá. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Áàpù lẹ́tà tí ó bá ń béèrè nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín, ẹ kọ̀ ọ́. Kí ni ó fẹ́ fi ṣe?

Ẹ rántí pé áàpù yìí ní ẹnu, kò ní etí. Yóò pe qalb fún ọmọ nígbà ọgọ́rùn-ún láìrẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bí ọmọ bá ṣì í pè. Nítorí náà, kí ọmọ padà wá jókòó síwájú olùkọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ṣe áàpù oníbọ́tìnì mẹ́ta fún س, ص àti ث. Èwo nínú wọn ni ahọ́n Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?