Àká Ta Ló Jóná?

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí ohun tí ẹ ń kọ sórí fóònù. Ogun á bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ẹ ó gbè sẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó ní kí wọ́n jó tọ̀hún ráúráú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọdún 1864, ní àfonífojì Shenandoah ní Virginia. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni: ẹ̀gbẹ́ tó dáná níbẹ̀, ìyẹn Àríwá, ni èmi náà ń gbè sẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn olówó ẹrú Gúúsù ni wọ́n ń bá jà.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi dáná. Àlìkámà àfonífojì yìí wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Robert E. Lee ti Gúúsù ń jẹ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà yọ sí Àríwá. Ní oṣù Keje, Jubal Early, ọ̀gágun Gúúsù, gbabẹ̀ dé ẹnu ibodè Washington. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti sun ìlú Chambersburg ní Àríwá.

2. Ẹ máa ka àṣẹ fúnra yín. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, Grant, olórí àwọn ọmọ ogun Àríwá, kọ̀wé sí Sheridan, ọ̀gágun rẹ̀ ní àfonífojì náà, pé kó ba irè oko jẹ́, kó kó ẹran ọ̀sìn lọ, kí ilẹ̀ náà lè di aṣálẹ̀ bí ogun bá fi wọ ọdún mìíràn. Lẹ́yìn ẹran ọ̀sìn ló wá dárúkọ àwọn ènìyàn dúdú, pé kí wọ́n kó àwọn náà, kó má baà sí ẹni tí yóò gbin nǹkan. Èmi kì í lè ka ibẹ̀ kọjá wéré. Òmìnira wọn wà lára ohun tí ogun náà ń jà fún o, ẹ̀yìn ẹran ni wọ́n tò wọ́n sí.

3. Ẹ béèrè ẹni tó ni àká. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, àwọn ẹlẹ́ṣin Sheridan fọ́n ká àfonífojì náà. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn pé àwọn ti sun àká tó lé ní 2,000, tí ọkà àti koríko kún inú wọn, àti ilé ìlọ àlìkámà tó lé ní 70; àgùntàn tí wọ́n pa fún ọmọ ogun jẹ kò dín ní 3,000. Ta ló ni àwọn àká yẹn? Ní agbègbè Harrisonburg, àwọn ọmọ ìjọ Mennonite àti Dunker ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ìjọ wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ẹrú, kò sì gbà kí wọ́n gbé ìbọn. Òfin Gúúsù ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ jagun nínú wọn san 500 dọ́là. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin míì sá wọ orí òkè. Àwọn tó ti jìyà lọ́wọ́ Gúúsù ni Àríwá tún wá jó àká wọn. Àwọn ìdílé tó kún kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó lé ní 400 ló tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Sheridan lọ, nítorí kò sí ohun tí wọn yóò jẹ lóko mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

4. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ burúkú, ẹ fèsì. Wọ́n pa ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ ogun Àríwá kan, John Meigs, lẹ́bàá Dayton, Sheridan sì ní kí wọ́n sun ìlú náà àti àwọn ilé àyíká rẹ̀. Thomas Wildes, tí wọ́n rán ọmọ ogun rẹ̀ níṣẹ́ yìí, kọ̀wé bẹ Sheridan. Dayton kò jóná. Àwọn ilé kan lẹ́yìn ìlú ti jóná ní tiwọn.

5. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iná tí wọ́n dá yẹn kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ebi pa ọmọ ogun Lee nígbà òtútù yẹn, ó sì túúbá ní oṣù Kẹrin ọdún 1865.

6. Bí wọ́n bá ṣèlérí owó gbà-má-bínú, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò kà. Lọ́dún 1871 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ará Gúúsù tó dúró ti Àríwá. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wọlé lé ní 22,000. Ẹni tí ọmọ ogun gba ẹṣin tàbí ọkà rẹ̀ lò lè rí owó gbà, bó bá lè fi hàn pé òun kò gbè sẹ́yìn Gúúsù. Ti àká tí wọ́n kàn sun, kò sí nínú ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí.