Kí Omi Inú Ọkọ̀-Ilé Yín Tó Di Yìnyín

Ní Minnesota, Wisconsin àti àríwá Michigan, òtútù tí ń sọ omi di yìnyín sábà máa ń dé kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ìhà ibẹ̀, tí ẹ sì ti ra ọkọ̀-ilé tí wọ́n ń pè ní motorhome, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti fi gbé àwọn ọmọ lọ wo adágún, ẹ ti se ìrẹsì nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ sì ti fẹ́ gbé e pamọ́ di oṣù kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ti ilẹ̀kùn kí ẹ sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọyẹ́ ilé, bó ti wù kó mú tó, kì í bẹ́ páìpù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kì í fi bẹ́ẹ̀ ka omi tó dúró sínú páìpù sí ewu. Ṣùgbọ́n bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rántí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí èèyàn gbàgbé sínú fírísà: bó ṣe ń bẹ́ náà ni páìpù, pọ́ńpù àti ẹ̀rọ amúgbóná omi ṣe ń bẹ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ kò ní tètè mọ̀. Yìnyín fúnra rẹ̀ ló dí ojú ibi tó sán. Ó di ìgbà tí oòrùn bá padà, tí ẹ tan pọ́ńpù, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí jò lẹ́yìn ògiri, tí yóò máa rin pákó ilẹ̀ ọkọ̀ títí yóò fi jẹrà. Kí oníṣẹ́ tó dé ìdí páìpù náà, ó lè ní láti já ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, ẹ da omi mímu inú táǹkì nù. Omi ìdọ̀tí àti ti ìgbọ̀nsẹ̀, ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ni kí ẹ ti tú u, kì í ṣe gọ́tà àdúgbò. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹnu páìpù méjì wà níbi tó lọ sílẹ̀ jù, ọ̀kan fún omi gbígbóná, èkejì fún tútù. Ẹ ṣí méjèèjì.

Ẹ̀rọ amúgbóná omi gba sùúrù. Ẹ pa iná àti gáàsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná kan kí agbára tó há sínú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ tó tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tú u nígbà tó ṣì gbóná, omi yóò tú jáde jó o lára. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fáàfù tí yóò jẹ́ kí antifreeze, ìyẹn omi tí kì í tètè di yìnyín tí ẹ máa fi kún páìpù, gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá. Bí ẹ kò bá yí i, gálọ́ọ̀nù 6 tàbí 10 ni táǹkì ibẹ̀ yóò gbé mì lásán, nígbà tó jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 ló sábà máa ń tó gbogbo páìpù.

Lórí antifreeze yìí ni ìkìlọ̀ mi ti le jù. Èyí tí wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sábà máa ń ní ethylene glycol nínú. Májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu, ọmọdé àti ajá lè lá a, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ títí dójú ikú. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé inú páìpù omi tí ẹ ń mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀-ilé, tí a fi propylene glycol ṣe, ni kí ẹ rà. Àwọ̀ pínńkì ló sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àwọ̀, nítorí ti ẹ́ńjìnnì kan náà wà tó jẹ́ pínńkì. Ohun tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ kà. Ẹ má fi omi là á, bó ti wù kó wọ́n tó.

Pọ́ńpù ọkọ̀ ni yóò fa antifreeze náà wọ páìpù. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ti gbígbóná àti ti tútù, títí tí ẹ ó fi rí i tí pínńkì ń jáde. Ẹ má gbàgbé ti ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ ìwẹ̀ tó wà níta ọkọ̀. Èyí ìta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ da ife antifreeze kan sínú ihò síǹkì kọ̀ọ̀kan, torí omi máa ń dúró ní kọ́rọ́ abẹ́ rẹ̀.

Bátìrì tó kún dáadáa kì í tètè dì, ṣùgbọ́n èyí tí iná rẹ̀ ti tán lè dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius, kó sì sán. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ òórùn gáàsì ń fa iná díẹ̀díẹ̀ kódà bí ẹ bá pa gbogbo nǹkan, torí náà ẹ tú wáyà bátìrì náà kúrò. Bó bá jẹ́ ti lithium, ẹ má ṣe cháàjì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti kọjá òdo lọ sísàlẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oúnjẹ jáde, títí kan gàrí tó kù nísàlẹ̀ ọ̀rá, kí ẹ sì fi kànìnkànìn onírin dí ihò tí páìpù gbà wọlé, kí eku má bàa ráyè wọlé. Bí ẹ bá bá ìgbẹ́ eku nígbà tí ẹ padà dé, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Eku kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń gbé kòkòrò àrùn hantavirus kiri, eruku ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí fèrèsé fún afẹ́fẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi bílíìṣì rin ín kí ẹ tó fi bébà nù ún.

Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Carbon monoxide kò ní òórùn. Ẹ má sì dáná èédú nínú ọkọ̀ láti lé òtútù.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó padà, ẹ fi omi mímọ́ ṣan páìpù títí pínńkì yóò fi tán, ẹ yí fáàfù padà, kí ẹ sì rí i pé omi ti kún inú ẹ̀rọ amúgbóná kí ẹ tó tan iná rẹ̀. Bó bá ṣófo, irin tí ń gbóná nínú rẹ̀ yóò jó.