Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Báwo Ni Ó Ṣe Yẹ Kí Táàpù Yára Tó?

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí táàpù, irinṣẹ́ tí a fi ń gé tíréèdì sínú ihò kí bóòtù lè wọ̀ ọ́. Táàpù le púpọ̀. Bí ó bá kán sínú ihò, dírììlì lásán kò lè lu ú jáde. Bí ó bá jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì oníbàárà ni ó kán sí, èrè iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lè bá a lọ.

Nígbà tí a bá ń lu ihò, ọwọ́ wa ni ó ń pinnu bí dírììlì yóò ṣe yára wọlé tó. Táàpù kò rí bẹ́ẹ̀. Táàpù M10 tí ó wọ́pọ̀ ń wọlé ní mìlímítà 1.5 nígbàkúùgbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gé ihò tí ó jìn ní mìlímítà 20 tán kí ìṣẹ́jú-àáyá 3 tó pé. Bí ihò náà kò bá yọ sí òdìkejì, kí ọwọ́ tó kan ṣúìṣì, táàpù ti kanlẹ̀, ó sì ti kán. Eré púpọ̀ tún ń mú kí ẹnu táàpù gbóná, kò sì ní mú mọ́.

Fún táàpù onírin háì-sípíìdì, ìyára tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ láìséwu ní ìṣẹ́jú kan nìyí:

Irin rírọ̀: mítà 10.
Irin dídà: mítà 8.
Irin tí kì í dípẹtà: mítà 5.
Idẹ àti alumíníọ́ọ̀mù: mítà 15.

Láti mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ yóò yí, ẹ sọ iye mítà náà di púpọ̀ lọ́nà 318, kí ẹ sì fi ìbú táàpù ní mìlímítà pín in. Fún M10 nínú irin rírọ̀, 10 lọ́nà 318 jẹ́ 3,180; ẹ fi 10 pín in, ó di 318. Fún M20, ó di 159. Bí táàpù bá ti tóbi tó ni kí ẹ̀rọ rọra yí tó.

Ẹ rántí nǹkan mẹ́rin:

1. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní iye náà gan-an, ẹ mú èyí tí ó kéré sí i.
2. Ihò M10 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 8.5. Bí ó bá há jù, táàpù yóò kán bí eré tilẹ̀ kéré.
3. Ẹ fi epo sí irin rírọ̀, kí ẹ fi kẹrosíìnì sí alumíníọ́ọ̀mù. Irin dídà kò nílò rẹ̀.
4. Bí ẹ̀rọ kò bá lè yí padà sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ ta tíréèdì náà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irinṣẹ́ tí a fi owó àjọ rà, ti gbogbo wa ni.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ìgbà mélòó ni ẹ̀rọ yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún M6 nínú irin rírọ̀? (Ìdáhùn: 530.)